Olùkọ́ Kan Ti Sọnù

Ọ̀gá ilé-ìwé wa kì í pariwo. Bí ó bá fẹ́ sọ ohun tó máa dùn ọ́ dé egungun, ńṣe ló máa rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tí á wá máa nu gíláàsì ojú rẹ̀ bí ẹni pé gíláàsì náà ló ń bá wí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe lọ́jọ́ tí mo gbé ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò wá síwájú rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Máàpù, ọgbọ̀n ọmọ, nínú ìlú ńlá yẹn. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì rí iná tó ń dá mọ́tò dúró rí."

Mo ní, "Ìdí tí mo fi fẹ́ kó wọn lọ nìyẹn, sà."

"Ìlú yẹn máa gbé wọn mì."

"Kò lè gbé wọn mì, sà. Èmi ni mo kọ́ wọn."

Ó tún nu gíláàsì. "Ó dáa. Ẹ máa kó kíláàsì kẹta lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ṣoṣo sọnù níbẹ̀, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ti tán nílé-ìwé yìí nìyẹn. Àwọn kíláàsì kejì tó ń retí tiwọn, kí wọ́n lọ gbàgbé ẹ̀."

Mo ní mo gbà. Mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ló fẹ́ máa rò sí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ya máàpù ní ìlú ńlá yẹn pè mí pé kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo wọ bàtà tuntun. Mo dé ìlú náà, mo rí títì tó fẹ̀ bíi pápá, mo rí àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì kọ̀. Mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì, mi ò lè sọdá, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń tì mí láti bi ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí mo fi máa dé ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Mo padà sílé, mo di tíṣà, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà dé góńgó. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé ọmọ kankan tí mo bá kọ́ ní máàpù kò ní dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láé nítorí ìbẹ̀rù.

Nítorí náà, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Fún odindi sáà kan ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yẹn. A fi ṣọ́ọ̀kì ya gbogbo ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ìlú náà sí ilẹ̀ kíláàsì, tábìlì kan ibùdókọ̀ kan, a sì ń rìn ín lọ rìn ín bọ̀ títí tí àwọn tó ń gbálẹ̀ fi bẹ̀ wá pé kí a ṣàánú wọn. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sọdá títì. Mo so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì, kí olúkúlùkù mọ ẹnìkejì rẹ̀ bí ó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Mo wá fún wọn ní òfin kan tí wọ́n ń kà lákàtúnkà bí orin àárọ̀: ẹni tó bá sọnù, kó dúró síbi tó wà, àwọn tí kò sọnù ni yóò wá a lọ.

Olórí kíláàsì náà, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Adájọ́ nítorí pé òun ló ń parí gbogbo ìjà wọn, gbé ọwọ́ sókè.

Ó ní, "Mà, bí ẹni méjì bá pàdánù ara wọn, báwo la ṣe máa mọ èyí tó sọnù nínú wọn?"

Ìbéèrè gidi ni. Mo sì dá a lóhùn bí tíṣà gidi. Mo ní, "Èyí tí kò ní ohun tó máa fi dé ibi tó ń lọ, òun ló sọnù."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Adájọ́ kì í gbàgbé nǹkan.

Lọ́jọ́ tí a máa lọ wo ilé-iṣẹ́ máàpù yẹn kan náà, ọkọ mi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà ní ìdájí, ó ń yán. Ó ní, "Má jẹ̀ẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn sọ ẹ́ nù o." Mo ní kó lọ wo omi tó gbé kaná.

Ọkọ̀ ilé-ìwé gbé wa dé etí ìlú. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń ní kí àwọn bọ́ọ̀sì ńlá dúró sí, kí èrò wọ ọkọ̀ ojú irin wọ inú ìlú. Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé, àfi pé ọmọ kan bì sára aṣọ rẹ̀ kí a tó sọ̀ kalẹ̀, ó wá rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Tíṣà Eré Ìdárayá, ẹni tó bá mi kó wọn wá, gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ kára ọmọ yìí balẹ̀, ká jọ lọ, mà."

"Àwọn ará ilé-iṣẹ́ máàpù ò ní dúró dè wá. Ẹ̀yin ẹ dúró tì í níbí pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà. Èmi á kó àwọn tó kù."

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Ṣé mo jọ ẹni tó ń bẹ̀rù lójú yín ni?"

Ó ní rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbọ́n ni.

A wọ ibùdókọ̀ náà ní méjì méjì. Ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń rùn bí irin tó gbóná, ìró bàtà àwọn èèyàn sì ń lọ láìdúró bí òjò lórí páànù. Mo ń ṣọ́ àwọn ọmọ mi dáadáa nígbà tí a dé ìdí àtẹ̀gùn tó ń rìn. Adájọ́ wò ó, ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó lọ. Àwọn tó kù tẹ̀ lé e bí ẹni tí wọ́n bí sórí ẹ̀. Èmi ni mo di irin mú. Ayọ̀ tó wà nínú mi lákòókò yẹn, bí ọ̀gá bá wà níbẹ̀ ni, mi ò ní bá a sọ̀rọ̀. Ojú lásán ni mo máa fi wò ó.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ báàgì mi. Nílé-ìwé wa, tíṣà kì í gbé báàgì ara rẹ̀. Kí ẹsẹ̀ rẹ tó wọ géètì, ọmọ kan á ti gbà á lọ́wọ́ rẹ, bí o bá sì ní o fẹ́ gbé e fúnra rẹ, ńṣe ló máa rò pé o ń bínú sí òun. Ọmọkùnrin kékeré kan báyìí ló máa ń gba tèmi. Aláàrù la sọ ọ́, ó sì fẹ́ràn orúkọ náà. Àtìgbà tí a ti sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ló ti gba báàgì náà, ó gbé e kọ́ àyà bí ẹni pọn ọmọ síwájú. Inú rẹ̀ ni fóònù mi wà, àti owó, àti tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo wa, tèmi náà. Máàpù wà lọ́wọ́ Adájọ́. Ọwọ́ mi ṣófo, mo sì ń yan bí ọba.

Ohun kejì tó yẹ kí n sọ ni pé èmi ni mo máa ń wọ ọkọ̀ gbẹ̀yìn. Olùkọ́ tó bá wọlé ṣáájú ọmọ, tí ọmọ bá ṣẹ́ kù síta ńkọ́? Bí gbogbo wọn bá ti wọlé, màá wo ẹ̀yìn, màá gbá ara bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì, èmi náà á wá gòkè, dẹ́rẹ́bà wa á sì gbéra. Ọdún gbọọrọ ni mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin dé. Ilẹ̀kùn là. Mo ń dà wọ́n wọlé, méjì, méjì, "Ẹ di ara yín mú, ẹ sún sínú." Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn wọlé. Mo wo ẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó kù. Mo yí ojú padà, mo rí ilẹ̀kùn náà tó ń pa dé.

Ọwọ́ mi ló ṣiṣẹ́ kí ọpọlọ mi tó ṣiṣẹ́. Mo gbá ara ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ó gbéra.

Mo rí ojú Adájọ́ lára gíláàsì. Mo rí Aláàrù tó gbá báàgì mi mọ́ra. Lẹ́yìn náà, mi ò rí nǹkan kan mọ́ ju iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ náà lọ, àti ìwé àjákù tí atẹ́gùn ń gbé kiri lórí irin.

Inú ló kọ́kọ́ bí mi. Mo bínú sí ilẹ̀kùn yẹn bí ẹni pé èèyàn ni. Ilẹ̀kùn wo ni kì í wo iwájú wo ẹ̀yìn kó tó tì? Òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ kan, obìnrin tó wọ yunifọ́ọ̀mù tó ń tàn yòò, ló wá bá mi.

Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn ìlà."

"Àwọn ọmọ mi wà nínú ọkọ̀ yẹn."

"Mélòó ni wọ́n?"

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

Ó wo ojú mi, ó wo ikùn mi, ó tún wo ojú mi.

Mo ní, "Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni wọ́n. Tíṣà ni mí."

"Háà. Ẹ tètè pè wọ́n lórí fóònù."

"Fóònù mi wà lọ́wọ́ wọn."

"Ó dáa, ẹ mú tíkẹ́ẹ̀tì yín kí n wo ibi tí ẹ..."

"Ó wà lọ́wọ́ wọn."

"Ẹ ò ní máàpù?"

Mo na ìka síbi tí ọkọ̀ náà gbà lọ. Ó ń wò mí bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu tí kò yẹ kó sọ fún àgbàlagbà.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá bà mí. Mi ò ní purọ́. Mo mọ ẹ̀rù náà dáadáa. Òun náà ló mú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ́jọ́sí. Mo rí àwọn ọmọ náà lọ́kàn mi: ọ̀kan ń sunkún, ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ síbi tí kò yẹ, ẹnì kan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ń fa ọ̀kan lọ́wọ́. Mo rí àwọn òbí wọn lẹ́nu géètì wa. Mo rí ọ̀gá tó ń nu gíláàsì. Mo sì rí kíláàsì kejì, àwọn tí wọ́n máa ń wá yọjú lójú fèrèsé nígbà tí a bá ń rin ìlà ṣọ́ọ̀kì, tí wọ́n ń bi mí pé, "Mà, ìgbà wo ló máa kàn wá?" Ohun tí mo fi ọdún mélòó kan lépa ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ìgbà tí èèyàn fi ń ṣẹ́jú.

Mo ní, "Ọkọ̀ mìíràn ńkọ́?"

Obìnrin náà ní, "Ó ń bọ̀. Ẹ wọ ọ́, màá bá yín sọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Bóyá wọ́n sọ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn."

Ọkọ̀ náà dé. Mi ò dúró de ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí, mo gbé ẹsẹ̀ kan sínú. Bí mo ṣe fẹ́ gbé ìkejì ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà lókè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohùn ọkùnrin kan ni, ó ń kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni pé òun náà ò fi bẹ́ẹ̀ gba ohun tó ń kà gbọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Olùkọ́ kan ti sọnù. Obìnrin ni, ó ga, ó wọ aṣọ búlúù, ó sì ṣeé ṣe kó máa bínú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní kí a sọ fún un pé kó dúró síbi tó wà. Wọ́n ń bọ̀ wá mú un."

Gbogbo èèyàn tó wà lórí pèpéle náà wò mí. Aṣọ búlúù, obìnrin gíga, ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ kan níta. Obìnrin òṣìṣẹ́ náà fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ojú tì mí débi pé, bí ilẹ̀ bá lanu, mi ò ní bi í ní ìbéèrè kí n tó wọ inú rẹ̀. Gbogbo ara mi ló ń sọ pé kí n wọ ọkọ̀ yẹn kí n sáré lọ bá wọn. Èmi ni àgbà. Èmi ni mo kó wọn wá. Àgbà wo ló ń dúró kí ọmọdé wá òun rí? Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá lọ, a máa kọjá ara wa lójú ọ̀nà. Wọ́n á dé ibi tí wọ́n ní kí n dúró sí, wọn ò ní bá mi. Wọ́n á sì mọ̀ pé òfin tí mo fi ń kọ́ wọn ní gbogbo sáà yìí, àwọn ọmọdé nìkan ni mo ṣe é fún.

Mo fa ẹsẹ̀ mi padà. Ilẹ̀kùn tì. Ọkọ̀ náà lọ.

Mo dúró. N kò dúró bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo di ọwọ́ méjèèjì mú lẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ní kó lọ kọjú sí ògiri. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń fi ọ̀pá rìn yà sọ́dọ̀ mi.

Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n á rí yín." Ó lọ díẹ̀, ó padà. "Ṣé òótọ́ ni pé ẹ máa ń bínú?"

Mo ní, "Ẹ máa lọ ní àlàáfíà, sà."

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo ṣáà mọ̀ pé ọkọ̀ wá, ọkọ̀ lọ, mo sì ń gbàdúrà bí ẹni tí wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn kan lókè, lórí afárá tí wọ́n fi ń sọdá láti apá kejì ojú irin: "Ẹ di ara yín mú. Ẹ má sáré." Ohùn mi ni, ṣùgbọ́n ẹnu Adájọ́ ló ti ń jáde. Mo gbé ojú sókè. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, méjì, méjì, ọwọ́ nínú ọwọ́, Adájọ́ wà níwájú, àwọn méjì tó lágbára jù wà lẹ́yìn pátápátá. Gbogbo wọn pé.

Wọ́n tò síwájú mi. Adájọ́ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ìyá tó ń wò bóyá ọmọ fara pa.

Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ ò rìn kiri?"

"Mi ò rìn kiri."

"Ẹ ṣé gan-an, mà."

Aláàrù ti ṣí báàgì, ó yọ omi mi fún mi. Mo mu ún. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tó kéré jù, di ọwọ́ mi mú, kò sì jọ pé ó fẹ́ jù ú sílẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Mo bi wọ́n pé, "Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

Adájọ́ ní, "A sọ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn, mà. Àwọn kan ní ká dúró níbẹ̀ nítorí a ti sọnù. Ni mo wá ní ká rò ó dáadáa. A pé. A mọ ibi tí à ń lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ wa, owó wà lọ́wọ́ wa, máàpù wà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin ni ẹ ò ní nǹkan kan." Ó rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí kó má baà dùn mí. "A wá rí i pé ẹ̀yin lẹ sọnù, mà. Ni a bá lọ bá ọ̀gá tó ń kéde."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ sọ fún gbogbo ayé pé mo máa ń bínú?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè, wọ́n ń wo bàtà. Aláàrù ló gbà á sọ. Ó ní, "Wọ́n bi wá pé àmì wo ni wọ́n máa fi dá yín mọ̀ ni, mà."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, nígbà tó sì yá, ẹkún gidi ni mo ń sun, n kò fi pa mọ́ fún wọn. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀rù bà mí. Mo sọ fún wọn pé wọ́n ṣe dáadáa ju bí mo ṣe ṣe lọ lọ́jọ́sí, nígbà tí mo ju gbogbo wọn lọ lọ́jọ́ orí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo ti ń fi òwe yẹn kọ́ ọmọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé ọwọ́ tèmi náà wà nínú ẹ̀.

Adájọ́ ò tíì parí. Ó ní, "Mà, ọ̀gá pe fóònù yín."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. "Ìgbà wo?"

"Nígbà tí a ń dúró de ọkọ̀ tá a máa gbé padà wá. Mo gbé e. Wọ́n ní kí n fún yín."

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo sọ òótọ́, mà. Mo ní ẹ ti sọnù."

Mi ò lè bá a wí. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kò gbọ́dọ̀ purọ́ fún àgbà. "Kí ni wọ́n wá sọ?"

"Wọ́n ní kí ẹ pe àwọn bí ẹ bá ti ráyè."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe tán. Ọ̀gá kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kó tún kó o jẹ. Ó ní ẹnì kan, ó ní ìṣẹ́jú kan. Èmi fi tèmi ṣe méjèèjì, mo tún fi jàrá sí i. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Àwọn ọmọ tí mo kó wá ò tíì rí ohun tí wọ́n wá wò. Bó bá jẹ́ ìrìn-àjò tó máa gbẹ̀yìn nìyí, kó dáa dé òpin. Mo ní kí wọ́n tò. A wọ ọkọ̀. Wọ́n tì mí wọlé ṣáájú.

A pẹ́ díẹ̀, ilé-iṣẹ́ máàpù ò sì tíì tì. Obìnrin kan tí yíǹkì ìtẹ̀wé kun ọwọ́ rẹ̀ ló jáde wá pàdé wa, ó béèrè pé ta ni olórí ikọ̀. Mo ya ẹnu láti dáhùn, mo rí i pé gbogbo wọn ti na ìka sí Adájọ́. Mo pa ẹnu mi dé. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n tì mọ́ mi lójú lọ́jọ́sí ni mo gbà wọlé, láàárín àwọn ọmọ, ọwọ́ mi ṣì wà lọ́wọ́ èyí tó kéré jù.

Wọ́n mú wa wo tábìlì tí iná wà lábẹ́ gíláàsì rẹ̀. Wọ́n mú wa wo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó gùn tó kíláàsì kan, bó ṣe ń tẹ àwọ̀ búlúù ti odò nìkan jáde lákọ̀ọ́kọ́, tí bébà náà á tún padà wọlé fún àwọ̀ ewéko, kó tó wá kan ọ̀nà àti ilé. Ìbéèrè tí àwọn ọmọ náà ń béèrè kò jẹ́ kí obìnrin náà ráyè nu ọwọ́. Ọ̀kan fẹ́ mọ ẹni tó ń fún òkè lórúkọ. Ọ̀kan ní bí odò bá yí ọ̀nà padà ńkọ́, ṣé wọ́n á da gbogbo máàpù nù? Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fara pa mọ́ sẹ́yìn ẹnìkejì rẹ̀. Mo wò wọ́n, inú mi dùn, ó sì tún dùn mí nítorí kíláàsì kejì.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ Aláàrù, mo bọ́ síta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe ọ̀gá. Bí mo bá máa jẹ̀bi, mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró jẹ ẹ́.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni."

Ó ní, "Wọ́n ti rí yín?" Ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀ pátápátá.

"Wọ́n ti rí mi, sà. Gbogbo àwọn ọmọ pé. A ti dé ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Èmi ni mo ṣẹ́ kù sẹ́yìn, kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ kankan. Mo rántí ohun tí a jọ sọ, mi ò ní bá yín jiyàn."

Mo mọ̀ pé ó ń nu gíláàsì.

Ó ní, "Ọmọ yẹn, Adájọ́. Mo bi í pé níbo ni wọ́n wà, ó sọ orúkọ ibùdókọ̀ náà fún mi, ó sì sọ iye ibùdókọ̀ tó kù. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni ń sunkún, ó ní kò sí àyè fún ìyẹn. Ara mi ò gbà á. Mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Mo sọ fún un pé mo ń bọ̀, pé màá wa mọ́tò wá báyìí báyìí."

"Ẹ má bínú, sà."

"Ṣé ẹ mọ ohun tó wí fún mi?"

"Rárá, sà."

"Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ò mọ ọ̀nà ibí. Ẹ dúró síbi tí ẹ wà.'"

Mo gbọ́ ohùn kan lórí fóònù náà tí mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́, nítorí pé láti ọdún tí mo ti ń bá ọkùnrin yẹn ṣiṣẹ́, mi ò gbọ́ ọ rí. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó rín in títí tó fi wú ikọ́.

Nígbà tó mí, ó ní, "Mo sì jókòó. Àtìgbà náà ni mo ti jókòó síbí, mi ò tíì lè dìde." Ó tún mí. "Ìyá Máàpù, ìgbà wo lẹ fẹ́ kó kíláàsì kejì lọ?"

Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n mi lẹ́nu, gbogbo ilé-ìwé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n mo fara ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ mi nínú lọ́hùn-ún tí wọ́n ń bi obìnrin oníyíǹkì náà ní ìbéèrè lórí ìbéèrè, mi ò sì rí ọ̀kan sọ. Ọ̀gá dúró dè mí lórí ìlà títí mo fi rí ọ̀rọ̀ náà.